Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ gìtá béèsì àtijọ́ tí a ti tà

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ta gìtá béèsì rẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ló mú kí ẹnì kan ta tirẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ẹlòmíràn ló tú. Ẹlòmíràn fi èyí tó ní ohùn ṣe pààrọ̀ tuntun tó kàn ń dán lójú. Ogún ọdún kọjá, ohùn gìtá yẹn kò kúrò létí. Ohun tí a kọ síbí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí gìtá rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ó tún wà fún ẹni tí béèsì àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ní ilẹ̀ Bénin, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó fẹ́ mọ ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: ọ̀kan ń tẹ̀ lé gìtá lọ síwájú, èkejì ń bá a padà sẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mú káyé

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gbé fóònù kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ẹ bá bi onígìtá kan pé, "Ṣé ẹ rántí béèsì pupa mi yẹn?", yóò ní òun rántí, nítorí béèsì pupa tó ti rí láyé rẹ̀ kò lóǹkà. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ẹ sọ fún un ni yóò máa sọ padà fún yín. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ ra káyé kan. Ojú ewé òsì ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀ sí: fọ́tò, ìwé ọjà, nọ́ńbà tí ẹ fi ojú ara yín rí. Ojú ewé ọ̀tún ni ti ohun tí ẹnu sọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ kúrò lápá ọ̀tún bọ́ sí òsì láìsí ẹ̀rí. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe gìtá náà, iye okùn, àwọ̀, irú igi ọrùn, àpá tó wà lára rẹ̀, ohun tí ẹ ti pààrọ̀, irú àpótí tí ẹ ń gbé e sí, iye tí ẹ tà á, ẹni tó rà á, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó gbé e lọ. Ẹ má fojú kéré ẹni tó gbé e lọ. Ẹni tó rà á lè ti kú, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó gbé àpótí náà sẹ́yìn ọ̀kadà lè ṣì mọ ilé tó gbé e dé.

Ọdún ló máa ń tètè pòórá nínú ọpọlọ. Ẹ má bi èèyàn ní ọdún, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975 ni Dahomey di Bénin. Nítorí náà, ìwé ọjà, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àpótí gìtá tó bá ní "République du Dahomey" lára ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èyí tó bá ní "République Populaire du Bénin" wá láti àárín 1975 sí 1990. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ bi í bóyá kí owó sẹ́fà tó já ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kìíní 1994 ni sẹ́fà já: sẹ́fà 50 ni wọ́n ń gbà fún fáráǹkì ilẹ̀ Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Kò sí oníṣòwò tó gbàgbé ọdún yẹn. Ẹni tó bá sọ pé 150,000 lòun ra béèsì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìhà tí owó yẹn bọ́ sí kí ẹ tó mọ̀ bóyá gìtá olówó ńlá ni tàbí ti kékeré.

Nọ́ńbà, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Béèsì Fender, ilé iṣẹ́ gìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń béèrè jù, nítorí náà a ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọdún 1951 ni Precision Bass jáde, 1960 sì ni Jazz Bass. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ara irin tí okùn jókòó lé ni nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún gìtá kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ibi tí ọrùn ti so mọ́ ara gìtá. Láti 1976 ni wọ́n ti gbé e lọ sí orí gìtá: S7 tọ́ka sí 1977, S8 sí 1978, E sì bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọdún 1980.

Irin pẹlẹbẹ yìí máa ń tan èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í mú un tẹ̀ léra wọn, ohun tí ọwọ́ bá bà nínú àpótí ni wọ́n ń dè mọ́ gìtá. Nọ́ńbà tó tóbi lè wà lára gìtá tó ṣáájú, kékeré sì lè wà lára èyí tó tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí èyí, ìdè mẹ́rin péré ló so irin náà mọ́ ọn, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti fi tẹlòmíràn rọ́pò. Nítorí náà, ẹ wo ìdí ọrùn.

Ẹ dẹ okùn tán pátápátá. Ẹ da gìtá dojú bolẹ̀ lórí tówẹ́ẹ̀lì tí ẹ ká sí méjì. Sukúrúdíráfà olójú àgbélébùú nọ́ńbà 2 ló bá ìdè rẹ̀ mu. Èyí tó bá kéré yóò jẹ ojú ìdè, ojú ìdè tó sì ti jẹ máa ń dín owó gìtá kù. Ẹ dẹ ìdè kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ tó tún padà yọ wọ́n tán. Ẹ gún wọn mọ́ páálí ní ipò tí wọ́n wà, torí gígùn wọn lè má dọ́gba. Ẹ wá gbé ọrùn jáde lókè tààrà. Bí ẹ bá mì ín sọ́tùn-ún sósì, ọ̀dà etí ihò yóò fọ́, àpá náà kò sì ní í lọ mọ́.

Ní ìdí ọrùn náà, níbi tí igi ṣì funfun tí ọ̀dà kò dé, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ ọ́ títí di nǹkan bí 1962, lẹ́yìn náà ó di òǹtẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá kà pé "7 MAR 64 A", ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ni. Kì í ṣe ọjọ́. Àmì irú gìtá ni nọ́ńbà iwájú yẹn, lẹ́tà ìparí sì ń sọ bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó. Oṣù àti ọdún nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀. Ẹ má fi aṣọ tútù, ọtí tàbí èékánná kan ibẹ̀ rárá, torí pẹ́ńsù ọgọ́ta ọdún máa ń bá ìka lọ. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tàn dábùú, kì í ṣe láti òkè, ẹ óò rí i pé ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ igi mọ́lẹ̀ yóò yọ àní bí dúdú rẹ̀ bá tilẹ̀ ti parẹ́. Ẹ ya fọ́tò márùn-ún, ẹ sì dè é padà.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ihò ohun ìyíhùn, lẹ́yìn èyí tí ẹ fi ń mú ohùn lọ sókè sódò. Nọ́ńbà méje ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é: 137 ni CTS, 304 ni Stackpole. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì ìparí ni ọ̀sẹ̀. "1377633" jẹ́ CTS, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ọdún 1976. Ohun tí èyí ń sọ ni pé gìtá náà kò lè ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó lè pẹ́ jù ú lọ, nítorí Fender ra ọ̀pọ̀ ní 1966 tó ń lò títí di 1969. Ẹ wo òjé tí wọ́n fi lẹ wáyà mọ́ ọn. Bí òjé tuntun bá ń dán níbẹ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀, ọdún rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan mọ́ nípa gìtá náà.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Rickenbacker rọrùn jù: láti 1961 sí 1986, lẹ́tà méjì ló wà lára irin tí a ń ki wáyà bọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ọdún (A jẹ́ 1961, Z jẹ́ 1986), ti ìkejì ni oṣù, A sí L. "NF" jẹ́ oṣù kẹfà 1974. Ibanez tí wọ́n ṣe ní Japan láti 1975 sí àárín àwọn ọdún 1980 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà oṣù, ọdún sì tẹ̀ lé e: "F78" jẹ́ oṣù kẹfà 1978. Gibson ọdún 1960 sí 1969 ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n lo nọ́ńbà kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Láti 1977 ó di nọ́ńbà mẹ́jọ: ti kìíní àti ti karùn-ún ni ọdún, ti kejì sí ti kẹrin ni ọjọ́ nínú ọdún. "81233456" jẹ́ ọjọ́ kẹtalélọ́gọ́fà ọdún 1983, ìyẹn ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún.

Bí ọrùn bá sọ 1966, tí ohun ìyíhùn sọ 1976, ẹ má ju ọ̀rọ̀ náà nù. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń jẹ irin, ẹni tó bá ti lo béèsì ọ̀hún fún ogójì ọdún láìpààrọ̀ nǹkan kan kò pọ̀. Ohun tí wọ́n pààrọ̀ kò sọ ọ́ di gìtá mìíràn. Ó kàn ń sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ojú igi kì í yí padà

Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà rárá, tí ẹ sì ní fọ́tò kan ṣoṣo, ọ̀nà kò tíì dí. Ìlà ojú igi lára gìtá dà bí ìtẹ̀ka: kò sí igi méjì tó ní irú kan náà. Ara gìtá tó dúdú létí tó ń mọ́ lọ sáàárín máa ń fi ìlà rẹ̀ hàn dáadáa. Ọrùn igi funfun náà ń fi tirẹ̀ hàn. Ike ojú gìtá tó rí bí ẹ̀yìn ahun tún dára jù, torí àbàwọ́n rẹ̀ kì í bára mu láti ọ̀kan sí èkejì.

Ẹ ya fọ́tò gìtá tí ẹ fura sí láti igun kan náà tí fọ́tò àtijọ́ gbà wo gìtá. Ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì lórí fóònù, kí ẹ jẹ́ kí ti òkè hàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ibi mẹ́ta tó bára mu: kókó igi kan, ìlà kan tó tẹ̀, àpá kan. Ọ̀kan lè jẹ́ ṣèèṣì, méjì lè ṣe é ṣe, mẹ́ta ni kí ẹ tó fọkàn sí i. Ihò ìdè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́ náà wúlò: Fender gbé igi ìfìka-lé láti ìsàlẹ̀ okùn tín-ínrín lọ sí òkè okùn ńlá ní nǹkan bí 1974, ihò méjì tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ ń sọ ìgbà fún yín.

Bí wọ́n bá ti kun gìtá náà lọ́dà mìíràn, ẹ yá lámpù tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ibodè Kraké fi ń mọ owó ayédèrú. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ọ̀dà àtijọ́ àti èyí tí wọ́n fi tún un ṣe kì í tàn bákan náà. Ibi tí wọ́n ti bo àpá mọ́lẹ̀ yóò yọ bí àlẹ̀mọ́.

Fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú ni kí ẹ máa wá, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin máa ń wà. Ẹ bẹ ìdílé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yọ fọ́tò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù: òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ fọ́tò àti ọdún máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́, ẹ lè béèrè ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀. *Ehuzu* ni ìwé ìròyìn ìjọba láti 1975 títí di 1990.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ ó bi. Ní ìgbà àwọn ẹgbẹ́ ńlá, irú àkókò tí ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1968, olórí ẹgbẹ́ tàbí ọlọ́lá tó dá a sílẹ̀ ló sábà máa ń ni ohun èlò. Ẹni tó ń tẹ béèsì kò ni ín. Nítorí náà, ọmọ ọ̀gá ẹgbẹ́ lè mọ̀ ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìjọ. Àjàṣẹ́ ni Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947, béèsì sì wà ní ọ̀pọ̀ párísì. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ ohun èlò, kì í ṣe olórí ìjọ. Òun ló mọ èyí tí wọ́n fi tọrẹ àti èyí tí wọ́n tà. Ẹ tún bi àwọn tó ń háyà ohun èlò fún ìnáwó, àti àwọn tó ń tún rédíò àti ampilifáyà ṣe. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́ tó fún un ní wàhálà.

Ẹ ro ọ̀nà tí ọjà ń gbà. Ohun tí wọ́n bá tà ní Àjàṣẹ́ lè ti gba Igolo lọ sí Ìdìrókò, tàbí Kraké lọ sí Èkó. Ti Kétu lè gba Ìlárá wọ Nàìjíríà. Ti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà Parakou, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè.

Orúkọ máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí ìwé ọjà bá ní Olatoundji, ẹ má wá Ọlátúnjí nìkan, ẹ wá méjèèjì. Faransé máa ń fi *ch* kọ ṣ, ó sì ń fi *ou* kọ u. Ẹ wá ẹni kan náà lọ́nà mẹ́ta ó kéré tán. Bí nọ́ńbà fóònù inú káyé yín bá jẹ́ oní-mẹ́jọ, ẹ fi 01 ṣáájú rẹ̀: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà Bénin ti di oní-mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti rò pé nọ́ńbà àtijọ́ ti kú tí kò kú.

Bí ẹ bá fẹ́ pe àgbà kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá. Ẹ kú ara líle. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ra béèsì kan ní Àjàṣẹ́ nígbà kan. Èmi kò wá gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, bàbá. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó gbà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?"

Ẹ wá dákẹ́. Gbólóhùn "èmi kò wá gbà á" ló ń ṣí ẹnu, nítorí ẹni tó bá rò pé ẹjọ́ ń bọ̀ yóò ní òun kò mọ nǹkan kan.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá a lórí àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Reverb, eBay àti Leboncoin ti ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sáàárín àmì àyọlò, pẹ̀lú àlàfo àti láìsí àlàfo. Ẹ ní kí wọ́n máa ta yín lólobó bí irú rẹ̀ bá dé.

Nígbà tí ẹ bá ń kéde rẹ̀, ẹ má kọ gbogbo nọ́ńbà. Ẹ fi méjì ìparí pamọ́, kí ẹ sì fi àpá kan pamọ́ tí ẹ kò ní sọ. Ẹni tó bá ní gìtá lọ́wọ́ ní tòótọ́ yóò sọ ọ́ fún yín. Oníjìbìtì yóò kàn dá fọ́tò yín padà sí yín. Ẹ ní kó ya fọ́tò tuntun, kí ìwé tí ó kọ ọjọ́ òní sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí èyí tó dé.

Kíkéde ń ṣiṣẹ́ gan-an. Béèsì Höfner tí Paul McCartney, olórin ẹgbẹ́ Beatles, rà ní Hamburg ní 1961 ni wọ́n jí ní London ní 1972. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́ ní 2023, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ bí olè ṣe tà á, ẹlòmíràn sì rí i lókè àjà ilé wọn. Ilé iṣẹ́ Höfner yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kéde ní oṣù kejì 2024 pé òun ni. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ, àmọ́ ẹnì kan ṣáà rántí ẹni tó tà á fún.

Nígbà tí ẹ bá rí i

Ẹni tó ní i lọ́wọ́ kò ṣẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ tà á, ó ti di tirẹ̀. Ẹ má lọ pẹ̀lú iye tí ẹ tà á ní 1988, èébú ló máa jẹ́ létí rẹ̀. Ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ń lọ lónìí, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó dúró kí ẹ tó wọlé. Bí kò bá fẹ́ tà, ẹ fi béèsì tó dára bíi tirẹ̀ lọ̀ ọ́ fún pààrọ̀. Bí kò bá tún gbà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sínú àpótí gìtá, lábẹ́ ibi tí okùn ń wà. Ọdún márùn-ún lè kọjá kí fóònù yẹn tó dún.

Bí gìtá bá wà lókè òkun, ẹ béèrè irú igi tó wà lójú ọrùn rẹ̀. Igi rosewood ilẹ̀ Brazil wà lábẹ́ òfin àgbáyé tó le jù láti 1992, Fender sì lò ó títí di àárín àwọn ọdún 1960. Gìtá tó bá ní i kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìní ìwé àṣẹ, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ pátápátá.

Ti èyí tí wọ́n jí yàtọ̀. Ẹ lọ sí kọmísáríà pẹ̀lú nọ́ńbà, fọ́tò àti ìwé ọjà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ má lọ fúnra yín lọ já a gbà.

Bí ẹ bá ń tà lónìí

Ẹ kọ ìwé méjì, kí olùtà àti olùrà fọwọ́ sí i. Kí ó ní ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà, àpá tó wà lára gìtá, ohun tí ẹ ti pààrọ̀ àti ọdún tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó ní gbólóhùn yìí: "Bí mo bá fẹ́ tà á, n ó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá." Ìlérí ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú un ṣẹ nígbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó gbé e fún un, ẹ tú ike ojú gìtá. Ẹ kọ orúkọ yín, ìlú yín àti ọdún sára igi inú ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀dà kò dé. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kì í ṣe bírò, torí igi máa ń fa yíǹkì bírò títí kò fi ní í ṣe é kà mọ́. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá ti wà níbẹ̀, ẹ kọ tiyín sábẹ́ rẹ̀.